Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ wo ẹranko ní Yankari

Àṣìṣe kan ti máa ń wáyé kí èèyàn tó kúrò nílé: ìgbà òjò ni ọ̀pọ̀ ń lọ sí Yankari, igbó tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹranko ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti mú koríko Yankari ga, ẹ lè kọjá lára erin kó jẹ́ pé fìrí náà lẹ máa rí i. Omi tún wà káàkiri nígbà yẹn, ẹranko kò sì ní ìdí láti kó ara wọn jọ sójú kan, nínú igbó tó fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn mú dáadáa, kí odò Gaji di ibi tí gbogbo wọn ń wá mumi.

Àwọn mìíràn á rin ìrìn àárọ̀ ṣúlẹ̀ láti Èkó dé Bauchi, wọ́n á wá sùn títí oòrùn á fi mú. Ẹfọ̀n, ìmàdò àti àgbọ̀nrín á ti jẹun tán, wọ́n á ti wọ abẹ́ igi lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ariwo. Ẹ̀ ń gbé orin sókè nínú ọkọ̀, ẹ̀ ń pariwo “Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!”, ẹ̀ ń bẹ awakọ̀ kó sún mọ́ ọn sí i nítorí fọ́tò. Tí erin bá kọjú sí yín, tó na etí méjèèjì gbalaja, tó gbé orí sókè, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ rọra padà sẹ́yìn. Ẹ má ṣe há sáàárín ìyá erin àti ọmọ rẹ̀ láéláé, ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, tí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ dákẹ́, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń fi ọwọ́jà fa koríko tu, ẹ máa rí i tó ń gbọn ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ lè kúrò kó tó jẹ ẹ́.

Ẹ má fún àwọn ọ̀bọ ńlá tó wà ní Wikki, ibùdó tí àlejò ń sùn sí nínú Yankari, ní búrẹ́dì. Èyí tó gbà á lọ́wọ́ yín lónìí, á já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé lọ́la. Ẹ ti fèrèsé yàrá yín pa.

Aṣọ dúdú àti aṣọ búlúù máa ń fa eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi sílé.

Ẹ má sì bínú sí amọ̀nà torí pé ẹ ò rí kìnnìún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú igbó náà, amọ̀nà kò fi wọ́n pamọ́ fún yín.

Èyí tó kù ni ti omi Wikki, tí àwọn èèyàn ń wẹ̀ títí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ á fi lọ. Omi yẹn kì í tutù, nǹkan bíi 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń wà tọ̀sán-tòru. Ẹ lọ wo ẹranko ná.