Bí mo ṣe to dẹ́ẹ̀kì pupa mi, èyí tó ń wá parí géèmù ní tọ́ọ̀nù kẹrin

Magic: The Gathering ni mò ń ta, géèmù káàdì tí ẹni méjì fi ń bára wọn jà, ti Modern (ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta á), mo dẹ̀ kórìíra géèmù tó ń falẹ̀. Torí ẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ to dẹ́ẹ̀kì tèmi, ìyẹn àkójọ káàdì tí mo máa fi ta á, kì í ṣe káàdì ni mo kọ́kọ́ mú, bírò àti ìwé ni. Ẹ̀mí 20 ni ẹni tá a jọ ń ta á ní. Káàdì 7 la fi ń bẹ̀rẹ̀, tó bá dẹ̀ jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ ta, mi ò ní fa káàdì ní tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ (tọ́ọ̀nù ni ìgbà tó bá kan èèyàn láti ta, káàdì kan ló máa ń fà níbẹ̀), ìyẹn ni pé tó bá fi máa di tọ́ọ̀nù kẹrin, 10 péré ni mo ti rí. Ká ní 3 nínú ẹ̀ jẹ́ ilẹ̀, ìyẹn káàdì tó ń mú mana wá, mana yẹn ló dà bí owó tá a fi ń ta káàdì yòókù, ó ku 7, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá yọ ẹ̀mí 3, 21 ti pé, ó tán.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń bá a dé tí wọ́n á ti sáré lọ kó káàdì jọ, àmọ́ ìṣirò ṣì kù. Ilẹ̀ 3 yẹn, tí mo bá ń gbé e kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mana 1 ló máa fún mi ní tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, 2 ní ìkejì, 3 ní ìkẹta, 3 náà ní ìkẹrin, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 9. Káàdì 7, mana 9. Ṣé ẹ rí i pé 2 péré nínú káàdì yẹn ló lè gba mana méjì-méjì, 5 tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti mana 1, kò wá síbi tí dírágónì mana 5 fẹ́ gbà wọlé, bó ti wù kó rẹwà tó.

Bí mo ṣe ń yan káàdì nìyẹn. Òfin gba kí káàdì kan náà wà ní 4 nínú dẹ́ẹ̀kì 60, mo dẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, torí káàdì tó bá jẹ́ 4, bíi 40% ni àǹfààní kéèyàn rí i nínú 7 àkọ́kọ́. Ẹ̀dá (káàdì tó ń jà fún mi) mana 1 méjì ni mo mú, Goblin Guide àti Monastery Swiftspear, àwọn méjèèjì jẹ́ 8, àǹfààní kí n rí ọ̀kan lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di bíi 65%. Goblin Guide kì í sinmi, tọ́ọ̀nù tó bá dé náà ló ń jà, tẹ́nì kankan ò bá dí i lọ́nà, 2, 2, 2, ẹ̀mí 6 ti lọ kó tó di tọ́ọ̀nù kẹrin. Àléébù ẹ̀ ni pé tó bá ti kọlù, alátakò á ṣí káàdì òkè dẹ́ẹ̀kì ẹ̀, tó bá jẹ́ ilẹ̀ á mú un sọ́wọ́. Kó máa mú un jàre. Ẹni tó máa kú láìpẹ́, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ rẹpẹtẹ ṣe?

Àwọn káàdì iná ló wá kàn: Lightning Bolt, Lava Spike, Rift Bolt, Skewer the Critics, gbogbo wọn ń yọ 3. Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sórí Rift Bolt àti Skewer kẹ́rù bà yín, mana 3 ni lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi Rift Bolt sílẹ̀ kó dúró di tọ́ọ̀nù yín tó kàn, mana 1 ni, Skewer náà di mana 1 tí ẹ̀mí alátakò bá ti dínkù ní tọ́ọ̀nù yẹn. Light Up the Stage náà rí bẹ́ẹ̀, káàdì 2 ló ń ṣí fún mi, mo dẹ̀ gbọ́dọ̀ lò wọ́n kí tọ́ọ̀nù mi tó kàn tó parí, ẹni tí káàdì ẹ̀ wọ́n mana á kàn jókòó máa wò wọ́n ni. Mo wá fi ti mana 2 kún un: Eidolon of the Great Revel, Searing Blaze, Skullcrack. Ẹ kà á, 40 ni gbogbo ẹ̀, 12 nínú ẹ̀ ló jẹ́ ti mana 2, tẹ́ ẹ bá pín in sórí 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 géérégé.

20 tó kù, Mountain, ilẹ̀ tó ń mú mana pupa wá. Dẹ́ẹ̀kì tó ń lọ pẹ̀lẹ́ máa ń kó ilẹ̀ 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ lọ́dọ̀ tèmi ilẹ̀ kẹrin ti ń di ẹrù.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí o. Ní 1996 ni Paul Sligh gbé dẹ́ẹ̀kì pupa tí Jay Schneider ronú ẹ̀ lọ sí ìdíje kan ní Atlanta, Ironclaw Orcs tí ò sẹ́ni tó kà á sí wà nínú ẹ̀, ohun tó gbé e ró ni pé kò sí tọ́ọ̀nù tí mana ẹ̀ ń ṣòfò. Títí dòní àwọn àgbà nínú géèmù yìí ṣì ń pe irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ ní Sligh.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá nìkan ta á lórí tábìlì, mo kọ 20 sínú ìwé, mò ń yọ ọ́ títí á fi di òdo, mo dẹ̀ ń kọ tọ́ọ̀nù tó parí sí. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ pé ètò ṣe pàtàkì ju káàdì lọ. Ẹ wò ó: tọ́ọ̀nù kẹta, Swiftspear wà nílẹ̀, mana 3, Bolt, Skewer àti Lava Spike lọ́wọ́. Skewer àti Lava Spike ò ṣeé jù láàárín ìjà, torí náà gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí Swiftspear tó kọlù. Bolt lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ̀mí lè dínkù, Skewer wá di mana 1, Lava Spike tẹ̀lé e, Swiftspear tó jẹ́ 1/2 (agbára 1, ìfaradà 2), tó ń fi 1/1 wú nígbàkigbà tí mo bá ju káàdì tí kì í ṣe ẹ̀dá, ti di 4/5. 9 láti ara iná, 4 láti ara ẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀ 13 ti lọ. Tẹ́ ẹ bá fi Skewer ṣáájú, mana 3 ló máa gbà, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́.

Ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ 2 pẹ̀lú Goblin Guide, mo mú un láìronú. Ilẹ̀ 5, mo dá a padà, torí láti 2019, téèyàn bá dá ọwọ́ padà, 7 náà lá tún fà, á wá fi 1 sí ìsàlẹ̀ dẹ́ẹ̀kì, ìyà ẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Eidolon nìkan ló ń fún mi lórí fífọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ta káàdì tí mana ẹ̀ ò ju 3 lọ, ó ń yọ ẹ̀mí 2 lára onítọ̀hún, èmi náà wà nínú ẹ̀, gbogbo dẹ́ẹ̀kì mi dẹ̀ nìyẹn! Tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń lé e, mo máa gbé e jáde ní tọ́ọ̀nù kejì, ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ ti di 4 ò lè ta káàdì kékeré méjì mọ́ kó má kú. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń lé mi, ọwọ́ mi ló máa wà títí.

Káàdì 15 ti ẹ̀gbẹ́, tá a fi ń pààrọ̀ káàdì láàárín géèmù kan sí ìkejì, mi ò jẹ́ kó gba mí lákòókò. Smash to Smithereens ló kọ́kọ́ wọlé torí ó ń fọ́ artifact (káàdì ohun èlò), ó dẹ̀ tún yọ ẹ̀mí 3 lára ẹni tó ni ín, tó túmọ̀ sí pé ìṣirò mi ò yẹ̀. Roiling Vortex wà fún àwọn tó ń gba ẹ̀mí padà. Tó bá ti ku bíi káàdì 2 kó pé, Tormod's Crypt ni mo fi ń dí i, òfo ni mana ẹ̀.