Git àti curl lẹ́yìn proxy

Bí Firefox bá ń ṣí ìkànnì gbogbo, tí git clone (àṣẹ tí a fi ń gba ẹ̀dà kóòdù wá sórí kọ̀ǹpútà) wá dúró gbagidi, tí kò lọ tí kò bọ̀, ẹ má tíì bú íntánẹ́ẹ̀tì. Proxy ni kọ̀ǹpútà alágbàta tí ìbéèrè yín ń gbà kọjá kó tó jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ẹ kọ sínú Firefox, Firefox nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ní láti sọ fún terminal, fèrèsé tí ẹ ń tẹ àṣẹ sí, lọ́tọ̀.

Ní yàrá kọ̀ǹpútà tí mò ń bójú tó, Squid la fi ń ṣe proxy. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni 10.0.0.5, pọ́ọ̀tù rẹ̀ sì ni 3128, èyí tí Squid máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Ẹ fi tiyín rọ́pò. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta yìí sí ìsàlẹ̀ fáìlì ~/.bashrc, kí ẹ sì ṣí terminal tuntun:

export http_proxy=http://10.0.0.5:3128
export https_proxy=http://10.0.0.5:3128
export no_proxy=localhost,127.0.0.1

Ẹ wo ìlà kejì dáadáa. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa máa ń fẹ́ kọ https:// sí apá ọ̀tún náà, wọ́n ní kó lè bára mu. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá òsì ń sọ irú ìkànnì tí ẹ ń lọ. Apá ọ̀tún ń sọ bí ẹ ó ṣe bá proxy fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, Squid tiwa kò sì gbọ́ ju http lásán lọ. Àṣírí yín kò tú nítorí ìyẹn. Curl, àṣẹ tó ń gba ojú ìwé ìkànnì láti terminal, á sọ fún proxy pé CONNECT github.com:443, proxy á la ọ̀nà, ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà sì ti wà ní títì pa. Bí ọmọ tí a fi lẹ́tà rán ló rí: ó mọ ilé tí wọ́n rán an sí, kò mọ ohun tó wà nínú àpòòwé.

Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ http_proxy. Curl kì í ka HTTP_PROXY, ó sì nídìí. Lórí sáfà tó ń lo CGI (ọ̀nà tí sáfà ń gbà fi ìbéèrè lé ètò míì lọ́wọ́), bí àlejò bá fi àkọlé Proxy kún ìbéèrè rẹ̀, sáfà á sọ ọ́ di HTTP_PROXY, àlejò á wá máa darí ìrìn sáfà gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọdún 2016 ni ariwo rẹ̀ gba ìgboro lábẹ́ orúkọ httpoxy. Curl ti ń yẹra fún un tipẹ́.

Git náà ń ka ìlà mẹ́ta yẹn. Bí ó bá jẹ́ git nìkan lẹ fẹ́ kó gba ọ̀dọ̀ proxy:

git config --global http.proxy http://10.0.0.5:3128

Ó kárí https náà. Ẹ má wá https.proxy kiri, kò sí i. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà yín lọ sílé, ẹ yọ ọ́:

git config --global --unset http.proxy

Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì iṣẹ́ yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú git@github.com, ssh nìyẹn, ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ sí http, kò sì ka èyíkéyìí nínú ohun tí a ti kọ yìí sí. Ẹ fi git remote set-url yí i sí https, ó tán.

Sudo, tó ń ṣe àṣẹ lórúkọ ọ̀gá kọ̀ǹpútà, máa ń da àwọn export wọ̀nyẹn nù, nítorí náà apt, tó ń fi ètò sórí Debian àti Ubuntu, nílò fáìlì tirẹ̀, /etc/apt/apt.conf.d/95proxy:

Acquire::http::Proxy "http://10.0.0.5:3128/";

Ẹ má fo àmì ; tó wà ní ìparí rẹ̀ yẹn o.

Bí proxy yín bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ má kọ ọ́ sínú .bashrc, curl -U pẹ̀lú orúkọ yín nìkan á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ó bá di dandan kí ẹ kọ ọ́ sínú àdírẹ́sì, @ inú rẹ̀ á di %40, # á di %23.

Ẹ wá dán an wò:

curl -v -o /dev/null https://github.com

200 lẹ́yìn CONNECT, ọ̀nà ti là. 407, proxy kò tíì mọ̀ yín. Connection refused, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pọ́ọ̀tù lẹ ṣì kọ. 403, proxy rí yín, ó sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọ nìyẹn, èmi ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ orúkọ ìkànnì náà wá, ẹ má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà.