Bí mo ṣe fi delay sí orin onígángan lórí Linux

Orin ìyìn kan ni mo ń ṣe mixing rẹ̀ (pípa àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀ pọ̀ kí wọ́n bá ara wọn mu): akọrin kan, elégbè mẹ́ta, gìtá, agogo, àti gángan tó ń dá akọrin lóhùn. Ardour, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba orin sílẹ̀ àti títún un ṣe, ni mo fi ń ṣiṣẹ́, lórí Ubuntu Studio, irú Linux kan. Mo fẹ́ lo delay, ìyẹn àtúndún ohùn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ìparí ọ̀rọ̀ akọrin máa dún tẹ̀lé e kí orin náà lè fẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí àtúndún yẹn gba ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn mìíràn bá já lé e lórí, oríkì tó ń kì á di ariwo lásán.

Inú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mo ti fi àwọn plugin (ètò kékeré tí Ardour ń lò láti yí ohùn padà) sórí kọ̀ǹpútà:

sudo apt install calf-plugins lsp-plugins-lv2

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, Ardour sì rí wọn fúnra rẹ̀ nígbà tí mo tún un ṣí. Ardour ní a-Delay tirẹ̀ tẹ́lẹ̀; kò wúwo, ó sì tó fún ẹni tó bá fẹ́ àtúndún kékeré. LSP Slap-back Delay lè ṣe àtúndún tó 16 lẹ́ẹ̀kan náà. Gìtá ni mo lò ó fún, ní 90 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), ẹyọ kan péré, gìtá náà sì nípọn sí i.

Calf Vintage Delay ni mo yàn fún ohùn akọrin, kókó ibẹ̀ sì rèé. 12/8 ni orin náà, bíi ọ̀pọ̀ orin wa tó ń rìn lórí kónkóló: ìlù ńlá (beat) mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta. Bí delay bá ń pín in sí méjì tàbí mẹ́rin, àtúndún á máa bọ́ síbi tí agogo kò sí, ẹni tó ń jó á sì fẹ́ kọsẹ̀. Calf ní Subdivide, ibi tí a ti ń yan iye tí ìlù ńlá kọ̀ọ̀kan máa pín sí, tí a lè fi sí 3. Ìlù ńlá 96 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan orin yìí. Tí a bá pín 60,000 ms tó wà nínú ìṣẹ́jú kan sí ọ̀nà 96, ó jẹ́ 625 ms; ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 208 ms. Mo fọwọ́ tẹ 96 sí BPM (iye ìlù ńlá nínú ìṣẹ́jú kan), mo fi Time L (etí òsì) sí 2 àti Time R (etí ọ̀tún) sí 3, ìyẹn iye ìdá mẹ́ta-mẹ́ta náà tí àtúndún máa dúró dè. Etí òsì wá ń gbọ́ àtúndún lẹ́yìn nǹkan bí 417 ms, etí ọ̀tún lẹ́yìn 625 ms. Ó bá agogo rìn régí! Inú mi dùn gan-an.

N kò gbé plugin náà ka orí ohùn akọrin gan-an. Mo ṣí bus kan (ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ohùn lè gbà kọjá nínú Ardour), mo fi send (ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀dà ohùn lọ) gbé ohùn lọ síbẹ̀, mo sì fa Dry, ìyẹn ohùn tí plugin kò tíì fọwọ́ kàn, wálẹ̀ pátápátá kí àtúndún nìkan máa jáde níbẹ̀. Feedback rẹ̀, ìyẹn bí àtúndún ṣe ń padà wọlé láti tún dún, kò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dún kó tó parẹ́. Ní Medium, ibi tí a ti ń yan irú dídún àtúndún, Tape ni mo yàn torí ó rọ̀ létí. Lẹ́yìn náà ni mo fi EQ, irinṣẹ́ tó ń dín tàbí fi kún ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè, gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz (ohùn tó wúwo) àti èyí tó lé ní 4 kHz (ohùn tó mú) nínú àtúndún náà.

Ọ̀rọ̀ gángan ló gbà mí lákòókò jù. Mo fi LSP Sidechain Compressor, plugin tó ń rẹ ohùn kan sílẹ̀ nígbà tí òmíràn bá ń dún, sẹ́yìn delay lórí bus náà, mo sì so ohùn akọrin àti gángan mọ́ ọn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ti ń dún, àtúndún á tẹrí ba. Bí wọ́n bá dákẹ́, á gbérí. Síbẹ̀, níbi tí gángan ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akọrin lójijì, ìyẹn nìkan kò tó. Automation, ìyẹn àyípadà tí a yà sójú orin tí Ardour á máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀, ni mo lò níbẹ̀: mo pa send náà ní gbogbo irú ibi bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí i fún ọ̀rọ̀ ìparí tí gìtá nìkan tẹ̀lé. Iṣẹ́ sùúrù ni, ẹsẹ orin kọ̀ọ̀kan ni mo gbọ́ tí mo sì fọwọ́ yà á.

Àwọn elégbè kò gba delay kankan. Ohùn mẹ́ta wọn ti kún ojú orin tó bó ṣe yẹ.