Bí Ìwé Kíkà Ṣe Lè Bá Wa Dọ́jọ́ Ogbó

Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta wa yìí, Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tó sì ń lépa ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára. Ọ̀nà yẹn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbà: kí ìwé máa dé ọwọ́ yín déédéé, ní ìwọ̀n tí agbára yín gbé.

Ẹ yan àkókò kan, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn, kí ẹ sì kàwé fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé 10 lójúmọ́ yóò parí ìwé olójú-ewé 300 láàárín oṣù kan.

Ìwé tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe mú èyí tí gbogbo ayé ń yìn, bí kò ṣe èyí tí ọkàn yín ń fà sí, ìbáà jẹ́ ìtàn ogun, ìtàn ìgbésí ayé tàbí ìwé lórí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ti ka ojú ewé 50 tí kò sì dùn mọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ wa pé ìdánwò ni gbogbo ìwé máa ń já sí, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi pa ìwé tì ní ọjọ́ tí wọ́n jáde. Àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá títì kì í gba owó gọbọi, nítorí náà àṣìyàn kò ní dá gbèsè sí yín lọ́rùn.

Ayò ọlọ́pọ́n dára púpọ̀, ó ń mú ọpọlọ jí pépé, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló ń ta á. Bọ́ọ̀lù wíwò ń fẹ́ iná mànàmáná, gbígbá rẹ̀ sì ń fẹ́ orúnkún tó le. Ìwé kò bèèrè ìkankan nínú wọn. Àmọ́ kò ní ẹ̀fẹ̀ àti ariwo tó ń dùn nídìí ọpọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá àtúnṣe sí i: kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ kan jọ ka ìwé kan náà, kí ẹ sì jọ jiyàn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tàbí kí ẹ máa kà á sókè fún àwọn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ ti ń kà, kíkà sókè yìí ni yóò jẹ́ kí Yorùbá tètè yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu.

Bí ènìyàn bá ti ń lé ní ogójì ọdún, lẹ́tà kéékèèké a máa ṣòro rí. Ẹ má ṣe tìtorí èyí jáwọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú kí ó yẹ̀ yín wò kí ẹ tó ra awò, nítorí àwọn àrùn ojú kan wà tí kì í dunni títí wọn yóò fi ba ojú jẹ́.