Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ ní 43 − 27, lọ́nà Montessori àti lọ́nà kíláàsì òde òní

Ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní 43 − 27, púpọ̀ nínú wọn á kọ 24. Wọ́n rí i pé 7 ju 3 lọ, wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò, wọ́n yọ 3 nínú 7.

Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ wúrà ni àwọn tíṣà Montessori, ìyẹn ọ̀nà ìkọ́ni tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo ohun èlò láti kẹ́kọ̀ọ́, fi ń tún un ṣe. Ẹyọ kan dá wà, mẹ́wàá wà lórí wáyà kan. Ẹ ní kí ọmọ kó wáyà 4 àti ẹyọ 3 sórí tíréè. Ẹ gbé káàdì 27 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó ìlẹ̀kẹ̀ 27 jáde o. Inú 43 yẹn náà ni 27 ti máa jáde. Ọmọ tó bá rí òkìtì méjì níwájú rẹ̀ á rò wọ́n pọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ ẹyọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ 3 ò ṣeé yọ 7 nínú rẹ̀, nítorí náà kó gbé wáyà kan lọ sí báńkì, ìyẹn àpótí tí ìlẹ̀kẹ̀ yòókù wà, kó lọ ṣẹ́ ẹ sí ẹyọ mẹ́wàá, bí a ṣe ń ṣẹ́ owó. Kó tó fi wáyà náà sílẹ̀, kó to ẹyọ mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ka 9, wáyà á gùn ju ìlà ẹyọ lọ, ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i, tíṣà ò ní sọ̀rọ̀. Ó ti ní ẹyọ 13 báyìí: ó yọ 7, ó ku 6, ó yọ wáyà 2 nínú 3, ó ku 1. Kó kó 16 àti 27 pọ̀ padà. Bí kò bá pé 43, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ tábìlì.

Ọ̀pọ̀ kíláàsì òde òní ń tọ ìlànà tí Singapore gùn lé ní àwọn ọdún 1980: ohun tí ọwọ́ lè dì mú, àwòrán, lẹ́yìn náà nọ́ńbà. Ẹ ya ìlà 4 àti ròbótó 3. Ẹ fagi lé ìlà kan, ẹ ya ròbótó 10 dípò rẹ̀, ẹ wá fagi lé ròbótó 7 àti ìlà 2. Lójú ẹsẹ̀ ni kí nọ́ńbà máa bá àwòrán rìn: bí ìlà kan ṣe lọ, 4 di 3, 3 di 13. Tí àwòrán bá jẹ́ ti Mọ́ńdè, tí nọ́ńbà wá di ti Tọ́sìdeè, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọmọ á pè é.

Ibí yìí gan-an ni Montessori ti máa ń kọsẹ̀. Ọmọ lè ṣẹ́ wáyà láìṣì rárá, kó sì tún kọ 24 sórí bébà. Afárá tí wọ́n ní láàárín ìlẹ̀kẹ̀ àti bébà ni páálí pélébé tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí àwọ̀ àti nọ́ńbà nìkan fi yàtọ̀: 1 àwọ̀ ewé, 10 búlúù, 100 pupa. Ẹ má fò ó.

Tí kò bá sówó ìlẹ̀kẹ̀, ẹ di igi ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. Ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n títú ni ọmọ ń tú u, kò ṣẹ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀wà 10 mọ́ páálí tóóró, èyí tí kò ṣeé tú. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi ń kọ́ ọ, ẹ kọ́kọ́ pè é ní "mẹ́wàá kan, ẹyọ mẹ́fà" kẹ́ ẹ tó pè é ní mẹ́rìndínlógún, torí ogún ni orúkọ yẹn ń kà padà sí, kì í ṣe mẹ́wàá.

Kẹ́ ẹ tó kó ohun èlò kúrò nílẹ̀, ẹ fún un ní 60 − 24. Bó bá kọ 44 dípò 36, ó di ìdí wáyà padà.