Bí A Ṣe Ń Wo Àwòrán Tó Ń Pòwe: Ọwọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tí mo bá mú lọ wo àwòrán àtijọ́ ni pé ojú kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá rí obìnrin arẹwà kan láàárín àwòrán Ítálì ayé àṣà ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Mannerism, láti nǹkan bí ọdún 1520 títí dé ìparí ọ̀rúndún yẹn, tí ara rẹ̀ lọ́ síbí lọ́ sọ́hùn-ún, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn án, ẹ má wulẹ̀ wádìí ìyàwó ta ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwà ni wọ́n gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀: Ọgbọ́n, Ìdájọ́ Òdodo, Ìgboyà, tàbí Ìkóra-ẹni-níjàánu, àwọn ìwà mẹ́rin tí àwọn Gíríìkì àti ìjọ Kátólíìkì kà sí òpó tó gbé ìwà yòókù ró.

Èyí tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni ni Ìdájọ́ Òdodo tí ayàwòrán Ítálì nì, Giorgio Vasari, yà lọ́dún 1543 fún Kádínà Alessandro Farnese ní Róòmù. Ilé ọnà Capodimonte ní Naples ló wà báyìí. Ó ga ju mítà mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ wá fọ́tò rẹ̀ tí ẹ lè fà tóbi dáadáa, kékeré ò ní ṣe yín láǹfààní.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú obìnrin náà. Ó yá, kí lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe? Kò gbé òṣùwọ̀n tí a sábà fi ń dá Ìdájọ́ mọ̀ dání. Ó ń fi ọwọ́ kan dé ẹlòmíì ládé ewé igi óákù, ó sì fi apá kejì gbá ọrùn ẹyẹ ńlá kan mọ́ra, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ tí ẹyẹ àkọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ògòǹgò, baba ẹyẹ! Kí ló gbé e dé ààfin adájọ́? Ẹ mú ìyẹ́ ẹyẹ mìíràn tó ń fò, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan máa ń fẹ̀ ju èkejì lọ. Ti ògòǹgò kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì ka èyí nínú ìwé kan nípa àmì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, tí wọ́n tẹ̀ ní Venice lọ́dún 1505, pé ìyẹ́ yìí dúró fún ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú. Inú àwọn ayàwòrán dùn sí irú nǹkan báyìí gan-an, torí ẹni tó kàwé nìkan ló máa yé. Ìgbéraga díẹ̀ wà níbẹ̀, tí ẹ bá bi mí.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹ lọ sí ìbàdí. Ẹ fi ìka tọ ẹ̀wọ̀n wúrà tó so mọ́ àmùrè rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n méje lẹ ó kà: Ìwà Ìbàjẹ́, Àìmọ̀kan, Ìkà, Ẹ̀rù, Ọ̀dàlẹ̀, Irọ́ àti Ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ má fipá dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, méje ti pọ̀ jù. Vasari kì í mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹ̀rù dáadáa. Kí ló mú un wà láàárín àwọn ọ̀daràn? Adájọ́ tó bá ń bẹ̀rù ò lè dájọ́.

Ẹni tó ń gbadé náà ńkọ́? Òtítọ́ ni, ó wà ní ìhòòhò torí kò ní nǹkan tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ó sì mú àdàbà méjì wá. Ẹni tó ń fà á kalẹ̀ fún Ìdájọ́ ni Àkókò. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a: ohun tí Vasari ń sọ gan-an nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ìwà mìíràn ló wà níwájú yín, òpó tàbí kìnnìún ń tọ́ka sí Ìgboyà; ìkòkò méjì tí a ń da omi láti inú ọ̀kan sí èkejì, tàbí ìjánu ẹṣin, Ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Dígí nìkan lè tan yín jẹ, torí Asán náà ń lò ó. Tí ejò bá wà pẹ̀lú dígí, Ọgbọ́n ni.

Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán ni kí ẹ tó ka orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Kí ẹ wá lọ dán ara yín wò ní gbọ̀ngàn Constantine ní Vatican, èyí tí ayàwòrán Raphael bẹ̀rẹ̀ kó tó kú lọ́dún 1520 tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ parí. Ìdájọ́ Òdodo wà lára ògiri níbẹ̀, òun àti ògòǹgò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gbé òṣùwọ̀n dání, ẹni tí kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ògòǹgò á ṣì dá a mọ̀. Vasari ò ṣàánú wa tó bẹ́ẹ̀.