Rìsíìtì POS tó wà létí ìró

Lọ́yà ni mí l'Ákùúrẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí ìyá oníṣu kan láti Ọjà Ọba wọlé. Wọ́n ń wá ọmọ ìyá yìí nítorí gbèsè, wọn ò rí i, ni ọlọ́pàá bá gbé ìyá dípò. Òru mẹ́rin ló sùn sẹ́yìn káńtà.

Mo ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìwé ìbúra (affidavit) rẹ̀, ká fi pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Ojú ìwé méje ni wọ́n gbé wá, abala 35 òfin ilẹ̀ wa ti 1999, èyí tó sọ nípa òmìnira ẹni, kún un fọ́fọ́, ìyá gan-an ni mi ò rí níbẹ̀. Mo fà á ya. (Èmi náà kọ irú ẹ̀ rí.) Ohun tí ojú rí là ń kọ síbẹ̀, àríyànjiyàn òfin ní ìwé tiẹ̀.

Wọ́n padà tọ ìyá lọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé oúnjẹ wá fún yín?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti jáde. Àbúrò ìyá ni, òun náà ló san ₦20,000 béèlì, níwájú ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Kò sẹ́ni tó fún un ní rìsíìtì. "Níbo ni wọ́n ti rówó ọ̀hún gbà, mà?" Lọ́dọ̀ oní-POS tó kọjú sí àgọ́. Ìyá bá tú kókó etí ìró, ó yọ ìwé pélébé kan: ọjọ́, aago, iye owó. Yíǹkì ẹ̀ ti ń pa rẹ́. A sáré ya fọ́tò.

Òfin ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù ò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gun ọ̀kadà wọn ọ̀nà láti àgọ́ dé kóòtù: kò pé kìlómítà mẹ́rin.

Ìyá ò mọ̀wé, a ní láti ka ìwé ìbúra náà fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka. Ní ìlà kẹsàn-án ó dá wa dúró: "Mi ò sunkún o. Ẹ yọ ìyẹn."

Ìlànà 2009 tí kóòtù ń tẹ̀ lé lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kí wọ́n gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ síwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí a bá pè é. Tiwa lé lóṣù méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ̀rọ̀ ní kóòtù, èmi ni mo dìde. Adájọ́ bi mí pé báwo làgọ́ ṣe jìnnà tó, mo wẹ̀yìn, ọlọ́kadà mi ti na ìwé sí mi.

A jàre: owó gbà-máà-bínú, àti kí ọlọ́pàá tọrọ àforíjì ní gbangba. Bá a ṣe jáde, ìyá fà mí láṣọ. "Lọ́yà, rìsíìtì mi ńkọ́?"